Bàbá Wólé-wólé Tó Gbin Olú Sínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Bàbá àgbà mi kì í kọ́kọ́ kí onílé bí wọ́n bá wọlé. Fèrèsé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Wọ́n á gba àárín àwọn tó jókòó kọjá, wọ́n á ká aṣọ ojú fèrèsé sókè, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì tì í síta, wọ́n á mí kanlẹ̀, kí wọ́n tó wá yíjú padà pé, "Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" Làmídì ni orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ifọ kò pọ̀. Iṣẹ́ wólé-wólé ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, Bàbá Wólé-wólé ni tọmọdé tàgbà sì ń pè wọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n papò dà. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ló ní ìtàn fèrèsé kan láti sọ, ẹ̀rín sì pa wá títí omijé fi ń bọ́ lójú wa. Èmi kò dìde ní tèmi. Ìtàn tèmi gùn ju ohun tí ènìyàn lè fi ìdúró sọ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó báyìí, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Màmá àgbà ló sọ fún mi nípa obìnrin kan tó ń gbé ẹ̀bá ojú irin nígbà tí Bàbá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà ti kan fèrèsé yàrá rẹ̀ pa nítorí olè, òun àti ọmọ mẹ́rin sì ń sùn síbẹ̀, ikọ́ kò fi ilé náà sílẹ̀. Nígbà tó rí wólé-wólé lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún, ó rò pé ilé ẹjọ́ dé. Bàbá kò sọ̀rọ̀ ẹjọ́. Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n yọ ìṣó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, wọ́n mú ẹnìkan wá tó fi irin dí ojú fèrèsé náà, kí olè má lè gbà á wọlé. Bí wọ́n ti ń lọ, wọ́n sọ fún obìnrin náà pé, "Ilé tí afẹ́fẹ́ ò bá wọ̀, àìsàn ni onílé ibẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Kúdí ìyá mi fọ́kọ, àwọn ẹbí bàbá mi ní kí Bàbá àti àwọn ẹbí wọn wá sí Owódé wá jẹun, kí àna lè mọ àna. Àwọn ènìyàn náà ti se, wọ́n ti sọ̀, wọ́n ti so aṣọ tuntun mọ́ gbogbo ojú fèrèsé. Bàbá wọlé, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ fèrèsé lọ. Bí wọ́n ti fa aṣọ náà, tòun ti igi tí wọ́n fi kọ́ ọ ló já, ó sì balẹ̀ sínú àwo ọbẹ̀ ẹran. Àwọn ẹbí ìyá mi ń wá ibi tí wọn yóò fi ojú pamọ́ sí. Bàbá kò tilẹ̀ wo inú àwo náà. Wọ́n ti fèrèsé síta tán, wọ́n sì dojú kọ bàbá ọkọ ìyàwó. "Ẹ má bínú, àna mi," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ló ń bọ̀ wá mí níbí."

Bàbá ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Títí di òní, wọn kì í ti fèrèsé yàrá yẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rẹ́rìn-ín. Bàbá àti Alfa mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtútù kì í pẹ́ mú Alfa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, Alfa á ti fèrèsé mọ́ṣáláṣí, Bàbá á dìde lọ ṣí i, Alfa á tún ní kí ẹnìkan lọ tì í. Ní ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà bí Alfa nínú. Ó ní, "Làmídì, Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà bí fèrèsé bá tilẹ̀ wà ní títì." Bàbá dáhùn pé, "Ọlọ́run ń gbọ́, Alfa. Àwa tí à ń gbàdúrà là ń sùn lọ."

Ẹnìkejì tí Bàbá kò lè lo ọjọ́ kan láì bá jà ni Múdà káfíńtà. Ará Ìkirun ni Múdà. Ó háyà yàrá iwájú nínú ilé wa, abẹ́ igi odán tó wà níta ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ìjà òun àti Bàbá kì í ṣe ìjà ìkà. Òwúrọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Bí oúnjẹ ọ̀sán bá délẹ̀, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á jọ jẹun, lẹ́yìn náà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti dúró. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìntì, Múdà fi ojúlówó ìrókò kan kọ́bọ́ọ̀dù kan fún wọn, kí wọ́n máa kó aṣọ káàkí iṣẹ́ wọn sí. Iṣẹ́ náà dán, pátákó kan wọ inú èkejì bí ìka ọwọ́ méjì tó kọ́ra. Múdà fi ọwọ́ lù ú gbàgbà. "Bàbá, bí kòkòrò bá fẹ́ wọ inú ẹ̀, àfi kó kọ lẹ́tà sí mi." Bàbá ṣí i, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i. Wọ́n ní, "Múdà, pósí lo kàn fún mi." Ọjọ́ mẹ́ta ni Múdà kò fi bá wọn jẹun.

Kọ́bọ́ọ̀dù yìí gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ ìtàn rẹ̀.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, mò ń retí èsì ìdánwò, ìyá mi sì ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí òun nítorí ara Màmá àgbà kò yá. Ibà kan ló kì wọ́n mọ́lẹ̀ nínú ọyẹ́. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ó bá wọn gbé ẹnu oúnjẹ lọ. Bí mo bá po ẹ̀kọ, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á gbé e sílẹ̀. Bí mo bá gún iyán, wọ́n á ní kí n gbé e fún Múdà. Apá wọn wá rí bí igi ìdáná. Dókítà tó ń wò wọ́n fa Bàbá sẹ́yìn ilé, ó ní, "Bàbá, òògùn ti ṣe tiẹ̀. Oúnjẹ ló kù."

Ní àràárọ̀, Bàbá á lóṣòó sẹ́bàá ibùsùn. "Àbẹ̀kẹ́, kí lo máa jẹ lónìí?"

"Kò sí èyí tó wù mí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí Màmá yíjú sí wọn, tí wọ́n sì wí pé, "Olú ni ó wù mí."

"Olú wo?"

"Èyí tó ń hù lórí hàhá ẹyìn, níbi tí wọ́n bá ti ń fọ epo. Èyí tí ìyá mi máa ń sè."

Mo wo ojú Bàbá. Òjò kan kò tíì kán. Ilẹ̀ le koko, ewéko gbogbo ti pọ́n. Kò sí ẹni tó ń rí olú lásìkò yẹn. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé fìlà, wọ́n ní, "Sìdí, wọ bàtà. À ń lọ sí Mowe."

Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti rin gbogbo abúlé agbègbè Mowe àti Ibafo já, wọ́n sì mọ ìyá arúgbó kan tó ń fọ epo níbẹ̀. A wọ ọkọ̀ lọ́nà mẹ́ta kí a tó débẹ̀. Bí ìyá náà ti rí Bàbá lókèèrè, ó sọ igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Wólé-wólé! Kí ni mo tún ṣe? Mo ti gbálẹ̀ o!"

Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. "Màmá, mi ò wá bẹ ilé wò. Mo wá bẹ̀ yín ni."

Wọ́n ro ẹjọ́ ìyàwó wọn fún un. Ìyá náà mú wa lọ sẹ́yìn, níbi tó ń da hàhá ẹyìn sí bó bá ti fún epo inú rẹ̀ tán. Òkè òkìtì náà ti gbẹ, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí omi tí wọ́n fi ń fọ epo ń ṣàn gbà, ó tutù, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi igi tú u. Mo rí nǹkan funfun tó ta káàkiri inú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn.

"Èyí ni irúgbìn rẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín jẹ o. Olú kì í ṣe ohun à ń gbìn bí àgbàdo. Àlejò ni. Bí ibi tí ẹ fi í sí bá tù ú lára, á jókòó. Bí ò bá tù ú, á bá tiẹ̀ lọ."

"Kí ló ń tù ú lára?"

"Ooru, kó má jẹ́ èyí tó ń jóni. Omi, kó má jẹ́ èyí tó ń rini. Kó sì rí nǹkan mí sí."

Àpò ìdọ̀họ méjì la gbé dé Ifọ. Bàbá kó gbogbo aṣọ káàkí wọn jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, wọ́n sọ wọ́n sórí àga. A tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sórí pátákó mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀, a tẹ́ hàhá tútù lé e, a pín irúgbìn náà sí i, a sì ti ilẹ̀kùn. Nínú yàrá ẹ̀yìn la gbé e sí, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń ràn án, páànù lásán ló sì wà lókè.

Ní ọjọ́ kẹrin, òórùn kan lé wa jáde. Bàbá ki ọwọ́ bọ inú hàhá náà, wọ́n sì tètè fà á yọ bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná. Hàhá tó ń jẹrà a máa gbóná fúnra rẹ̀, oòrùn orí páànù sì tún kún un. Gbogbo òwú funfun yẹn ti jinná. A kó o dànù, a tún òmíràn tẹ́, lọ́tẹ̀ yìí Bàbá ní kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó gbẹ bí ohun tí a fẹ́ fi dáná. Bí a bá tì í, ó ń jinná. Bí a bá ṣí i, ó ń gbẹ.

Wọ́n wá lọ bá Múdà pé kó bá wọn lu ihò sí i. Múdà fi ara bo kọ́bọ́ọ̀dù náà bí ìyá tó ń dáàbò bo ọmọ.

"Ẹ ní kí n fi ọwọ́ mi lu ihò sí ìrókò yìí? Iṣẹ́ tí mo fi ń júwe ara mi?"

"Múdà, nítorí Ìyá Kúdí ni."

Káfíńtà náà wo yàrá tí Màmá dùbúlẹ̀ sí. Ó mú ìlu, ó sì lu ihò mẹ́ta pere sókè lẹ́yìn, níbi tí ojú ènìyàn kò ní tó o.

Bàbá tún padà sí Mowe, wọ́n tún gbé irúgbìn dé. Lọ́tẹ̀ yìí, olú yọ lóòótọ́. Mo pariwo nígbà tí mo rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn lọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí wọn kò ju orí ìṣó lọ, gbogbo wọn ná ọrùn sókè bí ẹni tó ń rì sómi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ṣubú lé ara wọn. Ọjọ́ yẹn, Màmá kò mu ju ṣíbí ẹ̀kọ mẹ́ta lọ. Bàbá jókòó sójú kọ́bọ́ọ̀dù náà, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn àdúrà àìlà, mo wá wọn yíká ilé, mi ò rí wọn. Alfa ló ṣe kòńgẹ́ àkókò yẹn, ó wá kí Màmá. Bí a ti ń kọjá lẹ́nu yàrá ẹ̀yìn, a gbọ́ ikọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Alfa ké "A'ùsù bíláhì!" ó sì fa ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Bàbá àgbà mi ló jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n ti yọ àwọn pátákó náà, wọ́n ká orúnkún mọ́ àyà, òógùn ń ṣàn lára wọn bí òjò.

Alfa tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀, Alfa," ni Bàbá dáhùn. "Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn padà."

Alfa sì tì í. Àwa méjèèjì dúró níwájú rẹ̀, à ń wo ara wa. Mo rí i tí ètè Alfa ń gbọ̀n, mo gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá tún wúkọ́ nínú ibẹ̀, ẹ̀rín náà bú lẹ́nu àwa méjèèjì. Màmá gbọ́ wa láti orí ibùsùn, wọ́n ń béèrè pé kí ló dé. Nígbà tí Bàbá jáde, wọ́n di èjìká mi mú.

"Sìdí, ooru ń bá ihò òkè jáde, mo rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí tuntun ń gbà wọlé nísàlẹ̀. Ta ló lè máa mí síta láì mí sínú?" Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń nu ojú. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò retí lẹ́nu wọn. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń pàṣẹ fún ènìyàn pé kí wọ́n ṣí fèrèsé. Mi ò jókòó sínú yàrá wọn rí."

Alfa kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ó dára. Kí ni à ń ṣe báyìí?"

Múdà gbé ìlu rẹ̀ dé. Iwájú kọ́bọ́ọ̀dù gan-an, nísàlẹ̀, níbi tí gbogbo ayé yóò ti máa rí i, ni ihò náà ní láti wà. Ó lu mẹ́jọ síbẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Múdà, iṣẹ́ rẹ ò bàjẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ imú ni."

Alfa ránṣẹ́ sílé, ó ní kí wọ́n gbé tùràrí wá. Ó tàn án, ó gbé e sí ojú ihò ìsàlẹ̀, gbogbo wa sì di mẹ́rin tó dojú kọ kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin. Èéfín náà yí po, ó ṣe bí ẹni tó ń ronú, ó sì wọ inú ihò náà lọ. Kò pẹ́, ó yọ lókè lẹ́yìn. Múdà ló kọ́kọ́ pariwo. "Ó ń mí! Bàbá, ó ń mí!"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a to imọ̀ ọ̀pẹ sórí páànù kí oòrùn má baà jó o, a ta àpò tútù sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, Múdà sì gbẹ́ igi kéékèèké tí a lè fi dí ihò òkè láàárọ̀ tí ilẹ̀ bá tutù, kí a tún yọ ọ́ lọ́sàn-án. A kọ́kọ́ da hàhá tuntun sílẹ̀ níta fún ọjọ́ díẹ̀, kí ooru ìjẹrà rẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá gbóná ju ara mi lọ, màá pe Bàbá, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn fún ìwọ̀nba àkókò, wọ́n á tún tì í.

Ó tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tí mo rí àkọ́kọ́, roboto bí ẹyin àdàbà. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, wọ́n ti kún pátákó ìsàlẹ̀. Bàbá kò jẹ́ kí a fi kan ẹnu. Wọ́n gbé mẹ́ta lọ sí Mowe fún ìyá elépo wò. Ìyá náà gbóòórùn rẹ̀, ó ya á sí méjì, ó ní, "Òun gan-an ni." Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n kọ́kọ́ se díẹ̀, wọ́n dá a jẹ, wọ́n sì dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gbà pé kí ìyàwó wọn jẹ ẹ́.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì wọ ilé ìdáná. N kò rí wọn níbẹ̀ rí. Wọ́n lọ ata, wọ́n da epo, wọ́n fi irú sí i, wọ́n lé mi síta nígbà tí mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó jinná, wọ́n bù ú sínú àwo funfun, wọ́n gbé e tọ Màmá lọ. Alfa àti Múdà dúró lẹ́nu ọ̀nà, èmi wà láàárín wọn.

Màmá mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n mú ìkejì. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú, wọ́n wá gbé ojú sókè.

"Ta ló se ọbẹ̀ yìí?"

"Èmi ni," ni Bàbá wí.

"Kò níyọ̀!" Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, oṣù bíi mẹ́ta, n kò gbọ́ kí ohùn Màmá le tó bẹ́ẹ̀. "Bàbá Kúdí, irú olú tó dára báyìí, ẹ wá sè é bí ẹni tó ń se aṣọ! Ẹ gbé iyọ̀ wá. Èyí tó kù nínú ìkòkò ńkọ́? Ẹ gbé òun náà wá."

Bàbá sáré jáde. Mo tẹ̀ lé wọn dé ilé ìdáná, mo rí wọn níbi tí wọ́n kọjú sí ògiri, ike iyọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, èjìká wọn ń mì. Mo rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n. Mo pè wọ́n. Wọ́n yíjú padà, omijé ti rin irùngbọ̀n wọn, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú wọn.

"Sìdí," ni wọ́n wí, "ṣé o gbọ́? Ó ń bá mi jà."